Ohun Tí Ẹ Lè Sọ Nígbà Tí Ẹbí àti Ọ̀rẹ́ Bá Ní Ẹ Ti Rù Jù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni apá wọn ká oúnjẹ, tí apá wọn sì ká eré ìdárayá, àmọ́ tí apá wọn kò ká ẹnu àwọn ará ilé wọn. Dókítà ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ṣúgà ara wọn kò ní wálẹ̀ bó ṣe yẹ bí wọn kò bá dín ìwọ̀n ara wọn kù. Wọ́n gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n fi ẹ̀bà alẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń rìn láràárọ̀, ara sì ń fúyẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan nínú ẹbí ni àǹtí kan di apá wọn mú lókè ìgbúnwọ́, tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran lọ́jà, tó sì pariwo pé: “Ẹran dà? Kí ló ń ṣe ọ́?” Kí oṣù tó parí, ẹ̀bà alẹ́ ti padà dé.

Ohun tí a máa ń ṣì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé a rò pé ìwọ̀n ara ni wọ́n ń bi wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ní “O mà ti rù o” sábà máa ń béèrè ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta láìdárúkọ rẹ̀: ṣé àìsàn ni, ṣé owó ni kò sí lọ́wọ́, tàbí ṣé inú ilé ni kò tura. Bí ẹ bá fi àlàyé nípa ìrẹsì àti búrẹ́dì dá ẹni tó ń bẹ̀rù àìsàn lóhùn, ẹ kò tíì dá a lóhùn rárá, ìdí nìyẹn tí yóò fi tún un béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa dáhùn, kí ẹ má ṣe bá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ jà.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Gíga yín, ìwọ̀n ara yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí, pẹ̀lú èsì ìfúnpá tàbí ṣúgà tí wọ́n wọ̀n fún yín láìpẹ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.
- Aṣọ òde méjì tó bá ara yín mu bó ṣe wà báyìí.
- Gbólóhùn kan tó kúrú tí ẹ ti mọ̀ lórí. Ìpele 4 yóò sọ bí ẹ ó ṣe tò ó.
- Àgbà kan nínú ẹbí tí àwọn yòókù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ìyá yín bá wà láyé, òun ló sábà máa ń jẹ́.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fa rírù náà

Ẹ má ṣe múra èsì kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti yẹ ara yín wò, nítorí nígbà mìíràn, àǹtí yẹn ló jàre. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ dín oúnjẹ kù tí ẹ sì ń rìn, tí ara ń fi nǹkan bí ìdajì kílò sí kílò kan wálẹ̀ lọ́sẹ̀, bí àwọn onímọ̀ ìlera ṣe máa ń fẹ́ kó rí nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ kò bá yí ohunkóhun padà nínú oúnjẹ yín, tí ìwọ̀n ara yín sì fi ìdá 5 nínú 100 lọ sílẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, ìyẹn kílò 4 fún ẹni tó wọn kílò 80, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fi falẹ̀ rárá bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí ẹ sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, bí ẹ bá ń làágùn lóru, tàbí bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára yín. Àtọ̀gbẹ àti ikọ́ àwúgbẹ máa ń mú kí ènìyàn rù, àwọn méjèèjì ló sì ní ìtọ́jú.

Ìṣirò kan wà tí yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀ tàbí kó ta yín jí. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye tó bá jáde pín ìwọ̀n ara yín ní kílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 18.5 sí 24.9 sí ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà. 30 sókè ni wọ́n ń pè ní sísanra àsanjù. Ẹ jẹ́ kí á mú ẹni tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.65 tó sì wọn kílò 82: ó wà ní nǹkan bí 30. Bó bá wálẹ̀ sí kílò 70, ó di nǹkan bí 26, ìyẹn ni pé ó ṣì sanra díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ní ọdún kan náà tí gbogbo ẹbí ń sunkún pé ó ti gbẹ tán. Kó tó bọ́ sábẹ́ 18.5, yóò ti wálẹ̀ dé nǹkan bí kílò 50. Ojú, ọrùn àti apá ni ará ilé fi ń wọn ènìyàn, wọn kò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí:* ẹ lè sọ ìdí tí ẹ fi ń rù, àti iye tó ti yí padà, láìwo ìwé, láìsí iyèméjì kankan nínú yín. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ìpele 2.

Ìpele 2: Ẹ tún aṣọ àti òrùka ṣe

Aṣọ tó fẹ̀ ju ènìyàn lọ máa ń pe ìbéèrè ju ara fúnra rẹ̀ lọ. Bùbá tí ọrùn rẹ̀ ń yọ̀ sórí èjìká, ṣòkòtò tí bẹ́líìtì ká jọ níwájú, àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ le dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn àìsàn. Ẹ gbé aṣọ méjì tí ẹ máa ń wọ̀ jáde jù lọ fún télọ̀ kó dín wọn kù. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ ná, nítorí ara lè ṣì máa wálẹ̀.

Òrùka ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn. Ìka ń rù, òrùka ń yọ̀ bọ́, ẹni tó ni ín sì lọ fi í pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kó má bàa sọnù. Ní ìnáwó tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn rí i pé ó ti rù, wọ́n rí i pé kò sí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ fúnra wọn. Alágbẹ̀dẹ wúrà lè dín òrùka kù láàárín àkókò díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọ aṣọ náà, ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà, kí ẹ sì dìde. Bí ẹ kò bá fa ohunkóhun sókè, ó ti bá ara mu.

Ìpele 3: Ẹ pinnu ohun tí olúkúlùkù yóò gbọ́

Ẹni tó ń bá yín gbélé, ìyá yín, àti bóyá ẹ̀gbọ́n kan, lè gbọ́ gbogbo rẹ̀: orúkọ àìsàn tí dókítà dá, oògùn tí ẹ ń lò, iye kílò. Àwọn ẹbí tó kù yóò gbọ́ pé ara le àti pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Aládùúgbò, ará ibi iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ ojú ọ̀nà kò nílò ju ìdúpẹ́ lọ.

Ibi tí a ti máa ń ṣìṣe ni pé a máa ń sọ fún ẹni tí kò ṣe pàtàkì ṣáájú ẹni tó ṣe pàtàkì. Bí ìyàwó bá gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ pé dókítà ti kìlọ̀ fún ọkọ òun, ọ̀rọ̀ rírù ti di ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan sì máa ń wà tó fẹ́ràn àríyànjiyàn, tí yóò ní àwọn baba wa jẹ iyán, wọn kò sì kú. Ẹ má bá a jiyàn lórí àwọn baba. Ẹ sọ fún un pé ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lórí àwọn tó ti wà létí àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn gbìyànjú láti dín ìdá 7 nínú 100 kù nínú ìwọ̀n ara wọn, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe irú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Iye àwọn tó kó àtọ̀gbẹ nínú wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bi í bóun náà ti yẹ ṣúgà tirẹ̀ wò.

Ìpele 4: Ẹ to gbólóhùn yín, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lórí

Gbólóhùn tó dára ní ohun mẹ́ta nínú: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó béèrè, ó sọ pé ara le, ó sì jẹ́ kó hàn pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣe é. Fún àgbà, ó lè lọ báyìí: “Ẹ ṣeun mà, tí ẹ ń ro tèmi. Ara mi le koko. Dókítà ló ní kí n dín in kù díẹ̀, mo sì ń gbádùn rẹ̀.” Fún ẹgbẹ́ yín: “Èmi ni mo ní kó lọ o. Ara yá gágá.” Ẹni tó ti òkè òkun wálé máa ń gbọ́ èyí tó tún yàtọ̀: “Ṣé kò sí oúnjẹ ní Lọ́ndọ̀nù ni?” Ẹ̀rín ló yẹ kó fi gbà á: “Oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀ mà, èmi ni mi ò jẹ gbogbo rẹ̀ tán.”

Bí ọ̀rọ̀ náà bá tilẹ̀ gún yín lọ́kàn, ẹ rántí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohùn tí àgbà fi béèrè lè ṣàì dára. Èyí tí ẹ máa fi dáhùn ni àwọn tó jókòó yí i ká yóò rántí.

Àwọn gbólóhùn kan wà tí kò yẹ kó jáde rárá. “Ara mi ni kò yá tẹ́lẹ̀” jẹ́ òtítọ́ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n kí ẹ tó délé, ó ti di pé ẹ ń ṣàìsàn. “Mi ò kì í jẹ irú oúnjẹ yẹn mọ́” ń dún létí ẹni tó se oúnjẹ náà bí ìgbéraga. Èyí tó burú jù ni kí ẹ wo ikùn ẹni tó béèrè kí ẹ sì ní òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jàre, ẹ ó sì pàdánù ẹbí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Bí èsì náà bá gùn débi pé ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí, ó ti di àlàyé, àlàyé sì máa ń bí ìbéèrè mìíràn. Ẹ gé e kúrú.

Ìpele 5: Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ìyá yín

Ìpele yìí ló gba sùúrù jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ìyá tó fi oúnjẹ tọ́ ọmọ kò lè rí ọmọ náà kó rù kó má ronú pé ibì kan wà tí òun ti kùnà, tàbí pé ẹnì kan wà tí kò tọ́jú rẹ̀. Bí ìyá bá kọ́kọ́ rí yín níbi ìnáwó, láàárín àwọn èrò, ojú rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ fún gbogbo wọn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sílé rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe é lórí fóònù, nítorí ó ní láti fojú rí i pé ohùn yín, ìrìn yín àti ẹ̀rín yín ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ jẹun níwájú rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ ránṣẹ́ sí i pé ọ̀fun yín ń dá tòlótòló sí ẹ̀fọ́ rírò tirẹ̀ pẹ̀lú ẹja, tàbí mọ́ínmọ́ín, tàbí ẹ̀wà rírọ̀ tí kò ní epo púpọ̀, kó lè se ohun tí ẹ lè jẹ ní àjẹyó dípò òkìtì iyán tí ẹ máa kọ̀. Ọmọ tó béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò dà bí aláìsàn lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ mú èsì àyẹ̀wò jáde. Bó bá jẹ́ pé ìfúnpá yín jẹ́ 150/95 tẹ́lẹ̀, tó sì ti di 128/82, ẹ fi ìwé hàn án, ẹ ka iye méjèèjì fún un, kí ẹ sì ṣàlàyé pé èyí tó kéré yìí ni dókítà ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra wọn, iye yẹn kò sì ṣàjèjì sí wọn; nígbà mìíràn òun gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà, ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ẹ kò dá a dúró fúnra yín. Ẹ má sì dá a dúró lóòótọ́: dókítà ló lè dín in kù bí ara bá ṣe ń fúyẹ́.

Kí ẹ tó dìde, ẹ bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan: “Màámi, bí wọ́n bá ń béèrè, ẹ bá mi dá wọn lóhùn.” Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Àǹtí tí kò gba èsì lẹ́nu yín yóò gbà á lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ọkọ bá rù, ìyàwó ni ẹbí ọkọ máa ń wò láìsọ̀rọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó láti gbèjà ara rẹ̀, ọkọ fúnra rẹ̀ ni kó pe ìyá rẹ̀, kó sì ní: “Màámi, ìyàwó mi ló ń bá mi se oúnjẹ tí dókítà ní kí n máa jẹ. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.” Bó bá jẹ́ ìyàwó ló rù, tí wọ́n ń fura sí ọkọ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, òun ni kó sọ tirẹ̀ fún wọn, lójú ọkọ bó bá ṣeé ṣe.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti yọrí:* nígbà tí ẹnì kan bá béèrè lójú ìyá yín, òun ni yóò kọ́kọ́ fèsì. Bó bá dákẹ́ tó wo ilẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ẹ padà lọ, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ wọn ìfúnpá yín.

Ìpele 6: Ní òde ìnáwó

1. Ẹ tètè dé. Kíkí ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju kí ẹ wọlé nígbà tí gbogbo tábìlì ti kún, tí gbogbo ojú yóò sì yí sí yín lẹ́ẹ̀kan náà.

2. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì fi kíkí náà ṣáájú: “Ẹ kú ìnáwó mà, Olúwa á jẹ́ kí ẹ tún ṣe òmíràn.” Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í sábà kí ènìyàn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ìkíni yín ti dáhùn ìlàjì ìbéèrè náà.

3. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ sọ gbólóhùn yín, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ tiwọn lójú ẹsẹ̀: ọmọ tó wà ní yunifásítì ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó bá tẹ̀ lé èsì yín ló ń fún wọn láyè láti béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

4. Oúnjẹ ni kókó. Ẹ má kọ̀ ọ́. Kíkọ oúnjẹ níbi ìnáwó lè mú kí olóde rò pé ẹ fura sí òun, tàbí pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n tó dé tábìlì yín, kí ẹ sì ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹja àti mọ́ínmọ́ín pọ̀.” Bí àwo bá kún jù síbẹ̀, ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n di ìyókù fún yín. Ìdì oúnjẹ tí ẹ gbé lọ́wọ́ jáde níbi ìnáwó kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú lọ́dọ̀ wa.

Ẹ kíyè sí ẹni tó ń fi tipátipá bu ẹran sí àwo yín kí ojú yín “lè padà”. Ẹ má ti ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ẹ dúpẹ́, ẹ jẹ ọ̀kan, kí ẹ sì gbé èkejì fún ọmọ tó wà nítòsí.

*Àyẹ̀wò:* ẹni kan náà kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì kí òde tó tú. Bó bá béèrè, kì í ṣe gbólóhùn mìíràn ló ń fẹ́. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín.

Ìpele 7: Nígbà tó bá di òfófó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ lójú ẹni, àmọ́ tí a mọ̀ pé wọ́n ń sọ: pé ó ti kó àrùn éèdì. Ohun àkọ́kọ́ tó máa wá síni lọ́kàn ni láti lọ ṣe àyẹ̀wò kí á sì máa fi ìwé rẹ̀ hàn kiri. Mo ta kò ó pátápátá. Ìwé yẹn kò ní pa òfófó, yóò kàn sún un síbòmíràn ni, yóò sì jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá tún rù lẹ́yìn yín, tí òun lè má fẹ́ fi tirẹ̀ hàn. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 tó wà lórí ọ̀rọ̀ HIV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa éèdì, kò fàyè gba kí á máa ya ẹni tó ní kòkòrò náà sọ́tọ̀. Rírù kọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n mọ́: ẹni tó ní in, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, lè sanra ju gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ mọ ipò yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ tiyín.

Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ju méjì lọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, lójúkojú, láìpariwo: “Mo gbọ́ pé ara mi ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹ̀yin ni kí ẹ bi mí.” Ẹ má ṣe fèsì sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, níbi tí ẹni tí kò tíì gbọ́ yóò ti gbọ́ láti ẹnu yín.

Ìpele 8: Ìyìn náà nílò èsì

“O ti wá rẹwà báyìí, ṣé o mọ bó o ṣe rí tẹ́lẹ̀?” Ẹ gba ìlàjì àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀: “Ẹ ṣeun.” Ẹ má bá wọn bú ara yín àtijọ́, pàápàá bí ọmọbìnrin tó ń dàgbà bá wà nítòsí tó ń gbọ́.

Lẹ́yìn ìyìn ni ìbéèrè oògùn. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni dókítà kọ fún yín, ẹ má pín in fún ọ̀rẹ́, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ìwọ̀n tí wọ́n fún yín kì í ṣe ti ara rẹ̀. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń yọ ikùn, tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, omi ló ń gbé jáde lára, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Lọ́jọ́ kan, bóyá lẹ́yìn ọdún Kérésì tàbí Iléyá, kílò méjì tàbí mẹ́ta lè padà wá, àǹtí tó ní ẹ ti gbẹ ni yóò sì kọ́kọ́ pariwo pé: “Ó ti ń sanra padà!” Gbólóhùn kan náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn yọ ìparí rẹ̀ kúrò: “Ẹ ṣeun mà, tí ẹ ń ro tèmi. Ara mi le koko.”